Olúwa Ìgbẹ̀yìn Rere: Bí Bonfim ti Bahia Ṣe Di Ará Àjàṣẹ́

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ará Èkó tàbí ará Abẹ́òkúta pé ta ni à ń pè ní Àgùdà, yóò dáhùn kíá pé ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni. Ìjọ Àgùdà ni ìjọ Kátólíìkì lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìbéèrè kan náà wá sí Àjàṣẹ́, ìdáhùn yóò yàtọ̀. Níhìn-ín, ènìyàn lè jẹ́ Àgùdà kí ó sì jẹ́ Àlájì. Ó lè máa jẹ́ da Silva tàbí Paraïso, kí ó sì máa kírun ní ìgbà márùn-ún lójúmọ́. Bí oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá dé, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Bonfim bá gbé àsíá aláwọ̀ ewé àti ìyeyè jáde sí ìgboro, ẹ óò rí àwọn Mùsùlùmí láàárín wọn, nítorí ọdún tiwọn náà ni.

Báwo ni ọdún tí a dá sílẹ̀ fún Jésù lórí àgbélébùú, ní orí òkè kan ní ilẹ̀ Bràsíl, ṣe wá di ọdún ìdílé fún Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí ní ìlú wa? Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn nìyẹn. Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni pé àwọn ènìyàn tí a ti gba ìdílé mọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n fi Bonfim tún ìdílé dá. Ohun tí ó yẹ kí á wá bi ara wa lónìí ni bóyá a ṣì ń rántí bí a ṣe gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, àti ẹni tí ó gbà á.

Ère tí ó la òkun kọjá

Lédè Potogí, «senhor» ni olúwa, «bom» ni rere, «fim» ni òpin. Nítorí náà, Senhor do Bonfim ni Olúwa Ìgbẹ̀yìn Rere. Ó yẹ kí á kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan yé ara wa: Bonfim kì í ṣe orúkọ ẹni mímọ́ kan bí Antonio tàbí Teresa. Jésù fúnra rẹ̀ ni, ní wákàtí tí ó ń jọ̀wọ́ ẹ̀mí rẹ̀ lórí igi. Ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn ti ń ṣe sí ẹni mímọ́ tí ó jẹ́ alábòójútó ìlú ni wọ́n ń ṣe sí i. Ó ní ère tirẹ̀, òkè tirẹ̀, ẹgbẹ́ tirẹ̀, ọjọ́ ọdún tirẹ̀, àti àwọn tí wọ́n ń jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un. Nítorí èyí ni a fi lè sọ ìtàn ayé rẹ̀ bí a ti ń sọ ìtàn ayé àwọn ẹni mímọ́, kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìlú tí ó ti wá títí dé ìlú tí ó wọ̀ sí.

Ìlú Setúbal, ní etí òkun ilẹ̀ Potogí, ni wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún un ní àtijọ́. Ní ọdún 1745, ọ̀gá atukọ̀ kan tí ń jẹ́ Teodósio Rodrigues de Faria gbé ère Olúwa náà, tí a gbẹ́ ní àwòṣe ti Setúbal, wá sí ìlú Salvador da Bahia ní Bràsíl. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ máa ń sọ pé ìjì líle ni ó bá a lójú òkun tí ó fi jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun bá gúnlẹ̀ láyọ̀, òun yóò gbé Olúwa náà wá sí ilẹ̀ tuntun. Ṣọ́ọ̀ṣì Penha ní agbègbè Itapagipe ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ère náà sí. Lẹ́yìn náà wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ fún un ní orí òkè kan nítòsí, ó sì wọ inú rẹ̀ ní oṣù Òkúdù ọdún 1754. Ibẹ̀ ni ó wà di òní.

Òkè náà dojú kọ omi ńlá tí ó wọnú ilẹ̀ ní Bahia, omi kan náà tí àwọn ọkọ̀ tí ń kó ẹrú láti etí òkun wa ń gbà wọ Salvador. Ìlú yìí yára fẹ́ràn Bonfim. Àwọn atukọ̀ ń gbàdúrà sí i, àwọn aláìsàn ń bẹ̀ ẹ́. Láti ọdún 1809 ni wọ́n ti ń ta ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 47, èyí tí í ṣe gígùn apá ọ̀tún ère náà. Nígbà náà, ẹni tí ó bá rà á yóò fi í kọ́ ọrùn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé Olúwa náà ti dá a lóhùn.

Omi àti aṣọ funfun

Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun tú ilẹ̀ Yorùbá ká. Ọ̀yọ́ fọ́, Òwu di ahoro, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì sì ń ja àwọn ìlú tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn. Àwọn tí wọ́n kó lógun di ẹni títà ní Ouidah, ní Àgbádárìgì, ní Èkó, àti ní Àjàṣẹ́ gan-an. Nígbà tí wọ́n dé Bahia, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fún gbogbo wọn, ará Ọ̀yọ́ àti ará Kétu, ará Ẹ̀gbá àti ará Ìjẹ̀ṣà: Nàgó, orúkọ tí àwọn Fọ̀n àti àwọn Gùn ṣì fi ń pè wá títí di ìsinsìnyí.

Àwọn ẹrú ni wọ́n ń fọ ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣáájú Ọjọ́ Àìkú ọdún náà, ẹgbẹ́ tí ó ni ọdún á ní kí wọ́n fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kí ó mọ́ tónítóní fún ìsìn. Àwọn obìnrin á wọ aṣọ funfun, wọ́n á ru ìkòkò omi tí a fi òdòdó àti òórùn dídùn sí, wọ́n á sì gun òkè náà. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí iṣẹ́ ẹrú wá di ọdún lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ó di ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn aláṣẹ ìjọ sọ pé ariwo àti ijó náà ti pọ̀ jù, wọ́n sì fòfin de fífọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn obìnrin kò tìtorí èyí dúró sílé. Àtẹ̀gùn àti àgbàlá iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń fọ̀ títí di òní, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rin nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ láti ṣọ́ọ̀ṣì Conceição da Praia tí ó wà ní etí omi.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú Yorùbá wo ohun tí ó wà níbẹ̀: omi tútù, aṣọ funfun, òkè, àti olúwa kan tí a fi ìyà jẹ láìṣẹ̀. Ta ni èyí kò ní rán létí Ọbàtálá? Àwọn Nàgó Bahia mọ ìtàn Òrìṣàńlá tí ó ń lọ kí Ṣàngó. Ó rí ẹṣin Ṣàngó tí ó sọnù, ó mú un dání láti dá a padà fún olówó rẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ ọba rí i, wọ́n pè é lólè, wọ́n nà án, wọ́n sì tì í mọ́ ẹ̀wọ̀n fún ọdún méje. Òjò kọ̀, obìnrin yàgàn, ìlú dàrú, títí ifá fi sọ pé àgbàlagbà aláìṣẹ̀ kan wà nínú ẹ̀wọ̀n. Ìgbà náà ni Ṣàngó ní kí gbogbo ìlú wọ aṣọ funfun, kí wọ́n pọn omi wá, kí wọ́n sì wẹ̀ ẹ́. Nínú àwọn ilé òrìṣà Bahia, wọ́n ṣì ń pọn omi Òṣàálá lọ́dọọdún nítorí ìtàn yìí.

Kò di dandan kí á sọ pé wọ́n kàn fi Bonfim bo Ọbàtálá mọ́lẹ̀ kí olówó wọn má baà rí i. Ẹrú tí a mú lójú ọ̀nà oko, tí a tà láìjẹ gbèsè, tí a nà láìṣẹ̀, lè gbọ́ ìtàn aláìṣẹ̀ méjì kí ó sì gba méjèèjì gbọ́. Orúkọ Bonfim pàápàá kò ṣàjèjì sí i. Láti kékeré ni ó ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé kí alẹ́ san wá ju òwúrọ̀ lọ. Òwúrọ̀ ayé tirẹ̀ ti bàjẹ́. Alẹ́ nìkan ni ó kù tí ó lè tọrọ.

Òru ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Ṣẹ́rẹ́

Kì í ṣe gbogbo Nàgó ni ó ń tọrọ nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí kí a tó tà wọ́n, àwọn mìíràn sì gba ẹ̀sìn náà ní Bahia. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó ti inú «ìmàle» ti èdè wa jáde. Ní ọdún 1835, wọ́n pinnu láti gba òmìnira pẹ̀lú ohun ìjà. Ọjọ́ tí wọ́n mú ni Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Ṣẹ́rẹ́. Oṣù Ramadan ni, ó sì tún jẹ́ ọjọ́ ọdún Ìyá Wa Atọ́nisọ́nà, ọ̀kan nínú àwọn ọdún tí wọ́n ń ṣe tẹ̀lé ara wọn ní òkè Bonfim. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti kúrò ní ìlú lọ sí òkè náà, tí ó jìnnà, àti pé ojú àwọn aláṣẹ yóò wà níbẹ̀.

Àṣírí tú ní alẹ́ Àbámẹ́ta. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó pé, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ènìyàn ni ó jà ní ìgboro Salvador ní òru náà, ó sì ju àádọ́rin lọ nínú wọn tí ó kú. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Èbìbí, wọ́n yìnbọn pa mẹ́rin. Àfáà àgbà kan, Pacífico Licutan, tí orúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀sìn ń jẹ́ Bilal, ti wà ní àtìmọ́lé kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, nítorí gbèsè tí olówó rẹ̀ jẹ. Síbẹ̀, ẹgba 1,200 ni wọ́n dá fún un.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Èbìbí ọdún 1835, ìgbìmọ̀ aṣòfin Bahia ṣe òfin kan tí ó gbà kí wọ́n lé ọmọ Áfíríkà òmìnira tí wọ́n bá fura sí kúrò nílùú. Òfin náà bu owó orí fún gbogbo àwọn tí ó kù, ó sì sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ní ilé tàbí ilẹ̀. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Èbìbí ọdún 1888, ni Bràsíl tó fòpin sí òwò ẹrú àti sísin ẹrú pátápátá. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí a ń pè ní Àgùdà lónìí padà sí etí òkun wa. Wọ́n lé àwọn kan, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn wọkọ̀. Ṣáájú èyí, àwọn tí ó bá wà lẹ́rú máa ń kó owó jọ bí a ti ń dá èsúsú, wọ́n á fi ra ẹnìkan padà, ẹni náà á sì máa dá owó títí a ó fi ra ẹlòmíràn.

Nítorí náà, Mùsùlùmí àti Kátólíìkì jọ wọ ọkọ̀ ni. Òfin tí ó lé wọn kò bi wọ́n léèrè ẹ̀sìn. Ohun àkọ́kọ́ nìyí tí ó yẹ kí á rántí nígbà tí a bá rí Àlájì nínú ọdún Bonfim.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ

Nígbà tí wọ́n dé, ilé ni wọ́n dé, ṣùgbọ́n wọn kò rí ilé wọn. Ìlú àwọn kan ti jóná. Àwọn mìíràn kò lè gba ọ̀nà tí ogun wà kọjá. Àwọn tí a sì bí ní Bahia kò mọ ìlú kankan lẹ́yìn Bahia. Wọ́n tẹ̀dó sí etí òkun, ní Agoué, ní Ouidah, ní Àjàṣẹ́, ní Èkó, láàárín àwọn tí wọ́n ń fi ojú ẹrú wò wọ́n. Yorùbá a máa sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí a wò kí a tó sọ àwọn wọ̀nyí lórúkọ ni ilé ẹni tí ó rà wọ́n. Da Silva, d'Oliveira, Medeiros, Campos: orúkọ olówó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé dé. Ní ìlú tí oríkì ti ń sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́, kí ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lè sọ?

Ohun tí wọ́n ní ni iṣẹ́ ọwọ́ àti ìsìn. Mọlémọlé wà nínú wọn, gbẹ́nàgbẹ́nà wà, aránṣọ wà, oníṣòwò wà. Àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ẹ ń rí ní Àjàṣẹ́, tí fèrèsé wọn tẹ̀ bí ọrun, tí ọ̀nà àti òdòdó wà lára ògiri wọn, iṣẹ́ wọn ni. Ní ti ìsìn, wọn kò dúró de àlùfáà. Ní Agoué, Joaquim d'Almeida, ọmọ ilẹ̀ Mahi tí a ti tà sí Bahia, kọ́ ilé àdúrà fún Jésù Olúwa Rere kí fáda kankan tó tẹ ibẹ̀ dó. Ní Èkó, ẹni òmìnira kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, tí kì í ṣe àlùfáà, ni ó ń darí àdúrà, tí ó sì ń sin òkú. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Igbe ọdún 1861 ni Francesco Borghero, fáda ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìlú Lyon, tó gúnlẹ̀ sí Ouidah. Ọdún 1864 ni ẹgbẹ́ náà dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Àwọn fáda bá ìjọ nílẹ̀. Ìjọ náà ń gbàdúrà lédè Potogí, ó ní ọdún tirẹ̀ àti orin tirẹ̀. Inú Borghero kò sì dùn sí gbogbo ohun tí ó bá, nítorí ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó pe ara wọn ní Kìrìsìtẹ́nì kò jáwọ́ nínú òrìṣà tàbí nínú níní ìyàwó púpọ̀.

Èyí ni ìdí tí a fi lè sọ pé Bonfim ti Àjàṣẹ́ kì í ṣe ohun tí ìjọ gbé wá fún àwọn ènìyàn. Àwọn ènìyàn ni ó gbé e wá fún ara wọn, ìjọ sì bá a níbẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí tí ó wà láàárín wọn kò sẹ́ Bahia pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá kan sí àárín Àjàṣẹ́. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí iwájú rẹ̀ lè rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, nítorí ìlànà àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni wọ́n tẹ̀ lé. Àwọn tí wọ́n kọ́ ọ kò rí ìtìjú nínú rẹ̀. Bí ilé Ọlọ́run ti ń rí ní ibi tí àwọn baba wọn ti kọ́ iṣẹ́ nìyẹn.

Ọdún Bonfim ní Àjàṣẹ́

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ṣe ọdún náà níhìn-ín, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é ní Bahia. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á yí ìgboro ká pẹ̀lú ìlù, orin àti àsíá. Ní Ọjọ́ Àìkú, wọ́n á wọ aṣọ ọdún, wọ́n á fi ọ̀já aláwọ̀ ewé àti ìyeyè, tí í ṣe àwọ̀ àsíá Bràsíl, kọ́ èjìká, wọ́n á sì lọ gbọ́ Mísà ní kàtídírà. Lẹ́yìn Mísà ni oúnjẹ, ẹ̀wà tí a sè pọ̀ mọ́ ẹran gẹ́gẹ́ bí ti Bràsíl kò sì ní gbẹ́yìn. Lẹ́yìn oúnjẹ ni Bourian.

«Burrinha», kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kékeré, ni ọ̀rọ̀ Bourian ti wá. Eré aláwòbojú ni: ẹṣin wà nínú rẹ̀, màlúù wà, àwọn òmìrán tí orí wọn ga ju orí ilé kékeré lọ sì wà. Ìlù onígun mẹ́rin ni wọ́n ń lù sí i. Orin Potogí ni wọ́n ń kọ, Potogí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọrin kò gbọ́ mọ́, tí ó jẹ́ pé ẹnu ìyá ni ọmọ ti gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkíni ti rí. Láàárín àwọn àgbà Àgùdà, ẹ lè gbọ́ kí ẹnìkan wí pé «bom dia», kí èkejì sì dáhùn ní èdè kan náà, kí wọ́n tó padà sí Gùn, Yorùbá tàbí Faransé. Yoyo àti Yaya ni wọ́n ń pe bàbá àgbà àti ìyá àgbà. Ní Bahia, orúkọ tí ẹrú fi ń pe ọmọ olówó rẹ̀ ni ioiô àti iaiá. Níhìn-ín, ó di orúkọ tí a fi ń pe àgbà ilé. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, a lè rí ohun tí àwọn Àgùdà ṣe sí gbogbo ẹrù tí wọ́n gbé ti òkun dé.

Kí ni ọdún yìí wà fún? Ará Kétu, ará Mahi àti ará Ọ̀yọ́ tí wọ́n jọ ti Bahia dé kò ní baba ńlá kan náà. Wọn kò lè jọ bọ òrìṣà ìdílé kan, wọn kò lè jọ ṣe egúngún kan. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti gun òkè Bonfim rí, tàbí kí bàbá wọn ti gùn ún. Nígbà tí wọ́n bá tò lẹ́sẹẹsẹ ní ìgboro Àjàṣẹ́, níwájú àwọn ará ilé ọba tí wọ́n ń pè wọ́n ní ẹrú tí kò mọ ilé baba rẹ̀, ohun tí wọ́n ń wí ni pé àwọn náà ní ibi tí àwọn ti wá. Olúwa Ìgbẹ̀yìn Rere ni ó dúró fún baba ńlá wọn. Mùsùlùmí sì lè bá Kátólíìkì pín baba ńlá, kódà bí wọn kò bá jọ pín ìsìn.

Ẹni tí a tà àti ẹni tí ó tà á

Ìtàn ìbá dùn bí ó bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á tún wo àwọn tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ náà.

Orúkọ Potogí kò fi hàn bóyá ẹrú ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ tàbí olówó ẹrú. Kí àwọn tí a dá sílẹ̀ tó máa padà, àwọn oníṣòwò láti Bahia ti wà ní etí òkun wa, tí wọ́n ń ra ènìyàn tí wọ́n sì ń kó wọn ránṣẹ́. Francisco Félix de Souza, tí wọ́n ń pè ní Chacha, wà ní Ouidah títí ó fi kú ní ọdún 1849. Domingo Martins ń ṣòwò ní agbègbè Àjàṣẹ́. Ẹrú ni ó kọ́kọ́ ń tà, lẹ́yìn náà ó fi òwò epo pupa kún un. Ó kú ní ọdún 1864, ọdún kan náà tí àwọn fáda dé Àjàṣẹ́. Àwọn oníṣòwò wọ̀nyí náà bí ọmọ níhìn-ín, àwọn ẹrú ilé wọn sì ń jẹ́ orúkọ wọn. Ọmọ oníṣòwò, ọmọ ẹrú ilé oníṣòwò, àti ọmọ ẹni tí oníṣòwò tà sí Bahia tí ó sì padà: Àgùdà ni a ń pe gbogbo wọn. Bonfim kan náà ni wọ́n ń jó.

Ẹ wo José Paraïso. Ọmọ Yorùbá ni, wọ́n tà á sí Bràsíl, ó sì di onígbàjámọ̀ níbẹ̀. Domingo Martins rà á, ó sì mú un bọ̀ wá sí etí òkun wa láti máa fá irun òun. Ẹrú tí ó padà sí Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ẹni tí ń ta ẹrú ni. Orúkọ tí ó ń jẹ́ sì túmọ̀ sí Párádísè. Ọmọ rẹ̀, Ignacio Paraïso, di ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú Mùsùlùmí Àjàṣẹ́, ó sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń gba gómìnà Faransé nímọ̀ràn. Nínú ìran méjì péré, ìdílé náà ti orí ọjà ẹrú dé inú ìgbìmọ̀ ìjọba. Bí a bá ń wá ìgbẹ̀yìn rere, ó ṣòro láti rí èyí tí ó ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ òpin rẹ̀ láìsọ ìbẹ̀rẹ̀, a ti ṣẹ́ onígbàjámọ̀ náà kù.

Agbára ọdún Bonfim wà nínú pé kì í béèrè. Bí ó bá béèrè ọmọ ta ni ọ́ kí ó tó fún ènìyàn ní ọ̀já, kì bá tí lè so àwọn ènìyàn wọ̀nyí pọ̀. Ibẹ̀ náà ni àléébù rẹ̀ wà. Ohun tí a kò béèrè fún ìran mẹ́rin tàbí márùn-ún, a lè gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ìdákẹ́jẹ́ tí ó jẹ́ àánú fún àwọn tí ojú wọn rí i lè di irọ́ lẹ́nu àwọn tí a kàn sọ fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń jó Bourian lónìí, tí ó sì rò pé àwọn baba ńlá òun kàn lọ sí Bràsíl kí wọ́n tó padà, ti gba ijó, ó sì ti pàdánù ìtàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìkan. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2024, ìjọba ilẹ̀ Benin fọwọ́ sí òfin kan tí ó fún àtọmọdọ́mọ àwọn tí a kó lẹ́rú kọjá òkun ní àǹfààní láti di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn mìíràn yóò tún padà, láti Bràsíl, láti Amẹ́ríkà àti láti àwọn erékùṣù Caribbean. Orúkọ olówó ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn náà yóò gbé dé. Wọn yóò béèrè ohun tí àwọn Àgùdà àkọ́kọ́ kò rí ẹni béèrè rẹ̀ lọ́wọ́: ta ni ó tà wá, kí ni ẹ ń sọ fún àwọn ọmọ yín nípa rẹ̀? Ìlú tí ó ti gba àwọn tí ó padà mọ́ra rí, tí ó sì ń ṣe ọdún wọn lọ́dọọdún, yẹ kí ó ní èsì sílẹ̀.

Iṣẹ́ ń bẹ fún wa láti ṣe kí ọdún tí ń bọ̀ tó dé, iṣẹ́ tí kò la owó lọ. Kí àwọn ọ̀dọ́ lọ jókòó ti àwọn Yoyo àti Yaya tí ó ṣẹ́kù, kí wọ́n kọ orin Bourian sílẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Yorùbá àti lédè Faransé. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ bí orúkọ rẹ̀ ti dé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìbáà ṣe láti ọwọ́ ẹni tí a tà tàbí láti ọwọ́ ẹni tí ó tà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ohun tí ó bá jáde ṣe èébú fún ẹnìkejì rẹ̀, nítorí ọmọ kò yan baba. Lẹ́yìn náà, kí á jọ gbé àsíá, kí á sì jọ rìn lọ sí kàtídírà, Àlájì àti ọmọ ìjọ, bí a ti ń ṣe. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Olúwa Ìgbẹ̀yìn Rere wá sí Àjàṣẹ́ mọ bí òwúrọ̀ àwọn ti rí dáadáa. Nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n ni wọ́n ṣe lè bẹ̀ ẹ́ pé kí alẹ́ san ju òwúrọ̀ lọ.